Ìhà Méjì Màálúù Pupa

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìríra ṣe ń rí lójú ọmọ ènìyàn, kí ó lọ wo obìnrin tí wọ́n ń pè ní Ayínmú nígbà tó bá ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà kúrò lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Yóò kọ́kọ́ fi ìka méjì mú ẹnu ìbọ̀wọ́ náà bí ẹni tí ń fa ìrù òkú eku, yóò yí i sódì kí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ má baà kàn án, yóò jù ú sínú garawa, yóò sì pòṣé. Lẹ́yìn náà ni yóò fọ ọwọ́, tí yóò gbóòórùn ọwọ́ náà, tí yóò sì tún un fọ̀. Imú rẹ̀ kì í padà sí ibi tí Ẹlẹ́dàá fi í sí títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà ilé. Imú náà ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Òun náà sì ń jẹ́ ẹ láìjanpata, nítorí ó ní ohun tó yẹ kí ènìyàn yínmú sí láyé yìí pọ̀ ju ohun tó yẹ kó rẹ́rìn-ín sí lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á. Ilé ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́ kọ ẹ̀yìn sí odò ẹran, ibi tí wọ́n ti ń pa màálúù. Ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n láàárín. Ní ìhà kan ògiri náà, ẹ̀jẹ̀ ni, ìgbẹ́ ni, omi gbígbóná ni, igbe ẹran ni. Ní ìhà kejì, ilẹ̀ funfun ni, ẹ̀rọ tí ń kùn jẹ́jẹ́ ni, àti àwọn ọ̀mọ̀wé tí kì í fẹ́ kí bàtà wọn tutù. Ayínmú nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìhà méjèèjì. Bí wọ́n bá ti dá màálúù dùbúlẹ̀, tí ẹ̀mí sì ti bọ́ lára rẹ̀, òun ni yóò dé pẹ̀lú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, tí yóò la awọ ẹ̀yìn ẹran náà, tí yóò sì gé bíńtín tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ nínú iṣan ẹ̀yìn, nígbà tí iṣan náà ṣì gbóná, tó ṣì ń gbọ̀n lábẹ́ ọ̀bẹ bí ẹni tí kò tíì gbà pé òun ti kú. Yóò sọ ọ́ sínú nítírójìn olómi, òtútù tí ń jóni bí iná, èéfín funfun yóò sì bò ó mọ́lẹ̀. Kíá ni gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó ń wá lọ sínú ẹran náà kì í pẹ́ bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ jíìnì ni. Jíìnì ni ìlànà tí ìyá àti bàbá kọ sí ọmọ lára, èyí tó ní kí awọ pọ́n, kí ìwo gùn, kí ẹran rọ̀ tàbí kí ó le. Ṣùgbọ́n pé ìlànà wà nílẹ̀ kò ní kí ó máa ṣiṣẹ́. Màálúù méjì lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, kí jíìnì kan náà wà lára àwọn méjèèjì, kí ó máa pariwo nínú iṣan ọ̀kan, kí ó sì máa sùn nínú iṣan èkejì. Iṣẹ́ Ayínmú ni láti mọ èyí tó ń sọ̀rọ̀, àti bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ sókè tó. Ọ̀kan wà nínú wọn tí àwọn ará ilé ìwádìí ń pè ní Adènà. Lẹ́yìn tí a bá pa ẹran, àwọn èròjà kan a máa gé fọ́nrán inú iṣan rẹ̀ wẹ́wẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí ẹran náà yóò fi rọ̀. Adènà ni kì í jẹ́ kí wọ́n ríṣẹ́ ṣe. Bí ohùn Adènà bá ròkè jù, eyín àti àdúrà ni ènìyàn yóò fi jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà tí Ayínmú ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni ẹran kò ti wọ ẹnu rẹ̀ mọ́. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, aránṣọ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sinmi.

"Ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi o! Ó mọ ohun tó wà nínú màálúù láti ìwo dé ìrù, kò wá mọ bó ṣe ń dùn."

"Jẹun rẹ, má bá mi sọ̀rọ̀."

"Ṣé kí n gbé àwo mi lọ sí yàrá ni? Ojú tẹ́ ẹ fi ń wo ẹran yìí, ó ti fẹ́ máa bẹ̀ mí kí n dá òun sí."

"Ìwọ ni ì bá bẹ̀, bó o bá mọ ibi tó ti wá."

Báyìí ni ayé rẹ̀ rí títí ọ̀rọ̀ màálúù pupa fi dé.

Olórí ilé ìwádìí náà, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, ti ní kí àwọn ọlọ́sìn mẹ́ta mú màálúù mélòó kan wá fún ìdánwò. Ẹni kìíní mú funfun wá, ẹni kejì mú dúdú, bàbá àgbàlagbà kan sì mú pupa wá. Wọ́n pa ti ọlọ́sìn kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ ọ̀tọ̀, Ayínmú gé bíńtín tirẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kó ẹran ẹ̀yìn tó kù fún àwọn atọ́wò. Àwọn wọ̀nyí ni ènìyàn tí ń jókòó sínú àpótí kótópó kótópó lábẹ́ gílóòbù pupa, kí àwọ̀ ẹran má baà tan ojú wọn jẹ. Wọn a jẹ ẹran tí kò ní iyọ̀, wọn a tu ú sínú ife, wọn a fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ẹnu, wọn a sì sọ bó ṣe rọ̀ tó. Wọ́n ní funfun rọ̀, wọ́n ní dúdú rọ̀. Nígbà tí wọ́n dórí pupa, obìnrin kan nínú wọn béèrè bóyá àwàdà ni wọ́n ń ṣe.

Ayínmú sì ti jábọ̀ tirẹ̀ pé ohùn Adènà ròkè nínú àwọn pupa ju nínú àwọn yòókù lọ.

Inú Ọ̀jọ̀gbọ́n dùn bíi ti ẹni tó ná ọjà méjì tó rí i pé òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n ń lò. Ó ní ẹnu àwọn atọ́wò àti ẹ̀rọ ti fohùn ṣọ̀kan. Ó ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn pé ẹ̀bi ìran ni, ìran màálúù pupa kò sì yẹ kó máa bí sí i: kí wọ́n tẹ akọ wọn lọ́dàá, kí wọ́n sì kó abo wọn lọ sí odò ẹran. Ẹgbẹ́ gbà. Ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n àti ẹni tó ka jíìnì yóò jọ buwọ́ lù ni wọ́n ń dúró dè, kí wọ́n tó lọ kó agbo màálúù bàbá náà. Ẹni tó ka jíìnì ni Ayínmú.

Kò tíì buwọ́ lù ú tí bàbá fi dé. Bàbá Onípupa, èyí ni orúkọ tí gbogbo ọlọ́sìn ń pè é, ti ilẹ̀kùn láìkàn án.

"Ta ló ń jẹ́ Ayínmú níbí?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ káàárọ̀ o."

"Àárọ̀ wo ló kù níbẹ̀? Wọ́n ní ìwọ lo máa ń gbọ́ ohun tí jíìnì ń sọ. Kí ni jíìnì tèmi wí? Ṣé ó ní kí wọ́n pa mí mọ́ ọn ni?"

"Ẹ jókòó ná, bàbá."

"N ò jókòó. Àga yín ń rùn."

Ayínmú kò jiyàn. Àga náà ń rùn. Ọjọ́ ti pẹ́ tóun náà ti ń sọ ọ́.

Bàbá na ọ̀pá sí i lójú. "Bàbá tó bí bàbá mi ló kó ìyá wọn wá. Mo mọ ìyá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mo mọ ìyá tó bí ìyá. Bí wọ́n bá ti kó wọn lọ, kò sí irú wọn mọ́ níbì kankan láyé. Ẹ̀yin wá gé ohun tí kò tó òkèlè ológbò lẹ́yìn wọn, ẹ ní kí ìran wọn pa rẹ́. Ọmọ mi, kí ni wọ́n fi ṣe yín?"

"N kò ní parọ́ fún yín, bàbá. Adènà ń sọ̀rọ̀ nínú wọn. Ohùn rẹ̀ sì ga díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ."

"Díẹ̀ báwo?"

"Díẹ̀ ni mo wí. Ẹran wọn lè le díẹ̀. Kò lè ju bẹ́ẹ̀…"

Ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde ló mú un. Ohùn tí ó gbọ́ nínú àwọn pupa kò tó ohun tó lè sọ ẹran di àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, bẹ́ẹ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ni àwọn atọ́wò ní àwọn jẹ. Láti ọjọ́ tí àbọ̀ náà ti dé ni nǹkan ti ń jẹ ẹ́ nínú. Ó ti rò pé ìríra rẹ̀ àtijọ́ ni.

Ó ní kí bàbá dúró de òun. Ó wọ yàrá àwọn atọ́wò, ó gba ẹran pupa tó ṣẹ́ kù, ó sè é bí wọ́n ṣe ń sè é, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi ẹran sẹ́nu. Ọ̀rá rẹ̀ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu rẹ̀ bí àbẹ́là tó yọ́. Ó rún un, ẹran kò rún. Ó tún un rún, omi kíkan kan ló jáde lára rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ jókòó digbí láàárín eyín bí àlejò tí kò mọ ìgbà tí ó yẹ kó lọ. Omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó tu ú sínú ife, ó fọ ẹnu títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ó, ó sì gbé èyí tó kù sábẹ́ awò tí ń sọ kékeré di ńlá.

Ohun tó rí kì í ṣe iṣẹ́ Adènà. Àwọn fọ́nrán náà ti súnkì, wọ́n ti wú, wọ́n sì fún pọ̀, bí ara ẹni tí wọ́n da omi tútù lù lójú oorun. Ó mọ ohun tó ń fa irú rẹ̀. Iṣan màálúù kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà tí màálúù bá kú. Bí òtútù ńlá bá ká a mọ́ kí ó tó kú tán, yóò ká kò, kò sì ní na ara rẹ̀ mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń gbé ẹran jíjẹ kọ́ pẹ̀lú egungun rẹ̀, kí ara rẹ̀ balẹ̀ kó tó di pé òtútù wọ̀ ọ́. Bíńtín tí a ó ka jíìnì rẹ̀ nìkan la ń yára sọ sínú òtútù. Kíá ni ti jíìnì, pẹ̀lẹ́ ni ti ẹnu.

Ó gba ẹ̀yìn ògiri lọ bá alápatà àgbà, ó bá a níbi tó ti ń pọ́n ọ̀bẹ.

"Ọjọ́ tí ẹ pa àwọn pupa, báwo lẹ ṣe ṣe ẹran ẹ̀yìn wọn?"

"Bí ọ̀gá yín ṣe ní ká ṣe é ni. Ọkọ̀ ti ń dúró dè é níta, ó ń rìnrìn àjò. Ó ní, 'Gbogbo ohun tó jẹ́ tilé ìwádìí, ẹ bọ́ ọ kúrò légungun, kó wọ fírísà kíá.' A bọ́ ọ, ó wọ fírísà. Ó ṣì ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ nígbà tá a tilẹ̀kùn mọ́ ọn."

"Ti funfun àti ti dúdú ńkọ́?"

"Ìyẹn, a gbé e kọ́ bá a ṣe ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ń lé wa lọ́jọ́ yẹn." Alápatà wo ojú rẹ̀. "Màmá, ẹ má wò mí báyẹn o. Ọ̀gá ní kíá, mo ṣe é kíá. Ṣé kíá náà ló wá dẹ̀ṣẹ̀?"

"Kì í ṣe ìwọ ni mò ń yínmú sí."

"Ẹ ṣeun. Lójú yín, kò rọrùn láti mọ̀."

Nígbà tó wọ ọ́fíìsì Ọ̀jọ̀gbọ́n, itan adìẹ díndín ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Òróró ń kán sórí tábìlì, àmì ìka rẹ̀ sì ti hàn létí ìwé tí wọ́n fẹ́ buwọ́ lù.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n sọ ẹran àwọn atọ́wò sínú fírísà kí ara rẹ̀ tó balẹ̀?"

"Èmi ni. Mo ń kánjú lọ́jọ́ yẹn."

"Àwọn pupa nìkan ló jìyà ìkánjú yín. Ti àwọn yòókù, gbígbé kọ́ ni wọ́n gbé e kọ́."

Ó fi ahọ́n yọ ẹran léyín. "Ṣebí jíìnì tí ẹ̀yin fúnra yín kà sọ pé ẹran wọn le?"

"Ó ní ó le díẹ̀. Fírísà yín ló sọ ọ́ di pákó."

"Díẹ̀ o, púpọ̀ o, ṣé kì í ṣe líle náà ni? Mo ti rò ó nígbà tí mo dé láti ìrìn àjò. Mo wò ó pé ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ ń lọ, kí ló wá kàn wá pẹ̀lú ọ̀nà tó gbà? Ẹ buwọ́ lùwé, Màmá. Ìfẹ̀yìntì yín ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín tú ká."

Ayínmú dúró, ó ń wò ó. Ó ti mọ̀ látìgbà tó ti dé! Ó mọ̀, ó sì kọ ìwé sí ẹgbẹ́. Obìnrin náà ti tẹ ìfun màálúù mọ́lẹ̀ láìmọye ìgbà, ó ti fi ọwọ́ gbá ẹ̀jẹ̀ dídì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó rí i lára rí bíi ti ọjọ́ náà. Ìfun a máa rùn nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tí ìfun tàn jẹ. Ọkùnrin yìí ti wẹ̀, ó ti fín lọ́fínńdà, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun.

"N kò ní buwọ́ lù ú."

"Ẹlòmíràn á buwọ́ lù ú."

"Kí ó tètè wá. Èmi náà lẹ́nu, mo sì mọ ilé ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn."

Ó sì lọ lóòótọ́, òun àti Bàbá Onípupa tí kò tíì kúrò níbi àga tí ń rùn. Alága ẹgbẹ́ jẹ́ ọkùnrin tó tóbi tí kì í fẹ́ràn kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dọ́gbọ́n fún un. Ó gbọ́ tẹnu Ayínmú tán, ó ní, "Màmá, ẹ ti sọ̀rọ̀ dáadáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ fi hàn mí."

"Ẹ fún mi ní màálúù pupa kan. Ìhà òsì rẹ̀ yóò lọ sí fírísà bí wọ́n ṣe ṣe ti ọjọ́ yẹn, ìhà ọ̀tún a gbé e kọ́ bó ṣe yẹ. Màálúù kan ni, ìyá kan ló bí i, jíìnì rẹ̀ kò lè pé méjì. Bí ìhà méjèèjì bá le, ẹ̀bi ìran ni, màá sì buwọ́ lùwé níṣojú yín."

Alága yíjú sí bàbá. Bàbá fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n wá mú un.

Wọn kò jẹ́ kí ó ṣa èyí tí yóò mú, kí Ọ̀jọ̀gbọ́n má baà ní ó ṣa èyí tó dára jù. Alága fúnra rẹ̀ ló lọ sí agbo, tó nàka sí abo kan tó dúró létí ògiri. Èyí tí ń tọ bàbá lẹ́yìn kiri nìyẹn. Ojú bàbá pọ́n, ṣùgbọ́n ó fa okùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ dé odò ẹran, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nà án.

"Ẹ ṣe é kíá," ló wí fún alápatà, ó sì kọjú sí ògiri.

Ayínmú gé bíńtín ní ìhà òsì, ó gé bíńtín ní ìhà ọ̀tún. Nígbà tó kà wọ́n, ohùn kan náà ni Adènà fi sọ̀rọ̀ níbi méjèèjì. Ẹran òsì wọ fírísà nígbà tó ṣì gbóná. Ọ̀tún wà lórí ìkọ́. Nígbà tó yá, wọ́n jẹ́ kí òsì yọ́, wọ́n sì fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ fún iye ọjọ́ kan náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi fẹjọ́ sí. Ní ọjọ́ ìtọ́wò, alága jókòó sínú àpótí lábẹ́ gílóòbù pupa pẹ̀lú àwọn atọ́wò. Kò sẹ́ni tó sọ èwo lèwo fún wọn.

Wọ́n gbé àwo kìíní wá. Alága rún un, ó dúró, ó tún un rún.

"Eyín mi o! Ṣé wọ́n bọ́ bàtà èyí kí wọ́n tó sè é?"

Òsì nìyẹn. Wọ́n gbé àwo kejì wá. Alága gbé e mì. Ó na ọwọ́ mú ẹyọ kejì, èyí tí wọn kì í gba àwọn atọ́wò láyè láti ṣe. Àwọn yòókù náà sọ irú ohun kan náà: àkọ́kọ́ kò ṣeé jẹ, èkejì rọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ti dìde, ó ti nu ẹnu. "Gẹ́gẹ́ bí mo ti ń fura láti ìbẹ̀rẹ̀," ni ó wí, "òtútù ni olórí ohun tó yẹ ká wò. Ilé ìwádìí mi ló sì kọ́kọ́ ṣàwárí rẹ̀…"

Ẹnìkan ti ń pàtẹ́wọ́. Itọ́ korò lẹ́nu Ayínmú.

"Ọ̀gá," ló wí, kò sì gbé ohùn sókè, "ọjọ́ wo gan-an lẹ fura? Kí ẹ tó ní kí n buwọ́ lùwé ni, àbí lẹ́yìn tí mo kọ̀?"

Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo aago, ó wo bàtà rẹ̀, ó wo òrùlé. Alága gba ìwé náà níwájú rẹ̀, ó fà á ya sí méjì, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ bí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan ìríra. Ó ní kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kan agbo bàbá mọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Onípupa padà wá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kan ilẹ̀kùn.

"Mo wá dúpẹ́. Mo sì fẹ́ kí o kọ nǹkan fún mi, tí màá fi han àwọn tó ti fi mí ṣẹ̀sín. Kọ ọ́ pé ẹran tèmi ló dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Kì í ṣe òun ló dára jù, bàbá."

"Kí lo wí?"

"Ẹran yín dára. Ti funfun rọ̀ jù ú lọ. Adènà ń sọ̀rọ̀ nínú màálúù yín, mo ti sọ fún yín láti ọjọ́ àkọ́kọ́."

Bàbá na ọ̀pá sí i bíi ti ìjọ́sí. "Mo fún ọ ní màálúù! Èyí tí ń tọ̀ mí lẹ́yìn! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní kí o bá mi kọ, o ní kò ṣeé ṣe?"

"Ẹ kò fún mi ní màálúù, bàbá. Ẹ fi gba àwọn yòókù là ni. Bí mo bá kọ irọ́ fún yín lónìí, kí ni mo wá fi sàn ju ẹni tó kọ irọ́ mọ́ yín lọ?"

Bàbá pòṣé, èyí tó gùn tó láti ti ibẹ̀ dé agbo màálúù rẹ̀. Ó yí padà, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dúró níbẹ̀ tòun ti ìbínú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i.

"Akọ," ló wí nígbà tó yá, bí ẹni tí wọ́n ń fi ẹ̀mú fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Bí mo bá fẹ́ kí ariwo oníranù yẹn rọlẹ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n máa bí, irú akọ wo ni kí n wá fún wọn?"

"Nínú àwọn pupa yín náà ni. Àwọn kan wà nínú èyí tí mo kà tí ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ẹ mú ọmọ akọ kọ̀ọ̀kan wá, màá kà wọ́n, a ó sì mọ akọ tó yẹ."

Bàbá wo àga, ó yọ aṣọ ìnujú lápò, ó tẹ́ ẹ sórí rẹ̀ dáadáa, ó sì jókòó.